Ẹgbẹ́ Họ́kì Ọmọ Réluwéè

Igi tí ìyá Móríyebá fi ń ti ilẹ̀kùn ilé adìyẹ,
ẹ má rò pé igi lásán ni.
Ẹ wo ìdí rẹ̀, ó tẹ̀ bí ọrùn lékeléke.
Igi gúáfà ni. Káfíńtà Oyèlékè ló gbẹ́ ẹ,
ó yan án lórí iná títí ó fi gbọ́ràn,
ó ní, "Mo ti kan pósí, mo ti kan àga ìjòyè,
n ò tíì gbẹ́ igi tí ọmọdé fi ń na bọ́ọ̀lù rí."

Mọ́kànlá ni wá. Rárá, méjìlá,
tí a bá ka Múdà tó ń bá wa pọn omi.
Ọmọ ẹ̀yìn ibùdókọ̀ ojú irin Òṣogbo ni gbogbo wa,
ẹ̀gbọ́n wa pátápátá ò tíì pé mẹ́tàdínlógún.
Ọ̀gá Fáníyì, akọ̀wé tíkẹ́ẹ̀tì, ló kó wa jọ
lọ́dún tí ìjì ṣí òrùlé ilé ẹrù.
Ó ní fèrè kan, ó ní ìwé òfin kan
tí ikán ti jẹ ojú ewé kẹta rẹ̀.
Òfin tó wà níbẹ̀, a ò mọ̀ ọ́n títí a fi tú ká.

Yangí ni pápá wa.
Bọ́ọ̀lù bá ta lára òkúta,
kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ń lọ
àfi Ọlọ́run àti Táyélolú.
Èmi ni mo ń ṣọ́lé.
Fóòmù ìyá mi tó ti gbó ni mo dì mọ́ ẹsẹ̀,
mo fi rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ so ó.
Mo bá yọ lókèèrè, wọ́n á ní, "Bẹ́ẹ̀dì ń bọ̀!"

Lọ́jọ́ kan Ọ̀gá fi àwòrán hàn wá:
àwọn ọmọ òyìnbó lórí omi tó dì gbagidi,
bàtà olójú ọ̀bẹ lẹ́sẹ̀, igi bíi tiwa lọ́wọ́.
"Lórí yìnyín?"
"Lórí yìnyín."
Ràúfù ò sùn mọ́jú.
Nígbà tó di Sátidé, ó kó wa lọ sí ilé ẹja dídì ní Ìgbọ̀nà,
níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.
Ilẹ̀ ń dán. Ẹja tò lọ́tùn-ún, ó tò lósì,
wọ́n lanu wò wá bí òǹwòran tó ti sanwó.
Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré la fi gbá a.
Eyín Ràúfù kan ṣì wà níbẹ̀ dòní.
Ìyàwó tó fẹ́ nígbẹ̀yìn rò pé èéjí ni.

Ọkọ̀ ẹrù la máa ń bá lọ sí àjò.
Ní Ìkìrun, a ta ọ̀mì.
Ní Ọ̀fà, wọ́n nà wá mẹ́rin sí òfo.
Ìlọrin... ẹ jẹ́ ká fi ti Ìlọrin sílẹ̀.
Ṣùgbọ́n a padà lọ sí Ọ̀fà nígbà ọyẹ́,
eruku bo ojú, ètè bó,
Táyélolú yà fún ọ̀kan, ó yà fún èkejì,
ó nà án, a ò rí i,
a kàn gbọ́ kò! lára pákó ẹ̀yìn ilé.
Ọ̀kan sí òfo.
A sùn lórí àpò ẹ̀pà títí a fi délé,
kò sì sẹ́ni tó jẹ nínú ẹ̀pà náà.
Irọ́ ni. Gbogbo wa la jẹ ẹ́.

Ẹnikẹ́ni ò tú ẹgbẹ́ náà ká.
Ọkọ̀ kan ò dé lọ́jọ́ Ẹtì, a ní ó pẹ́ ni.
Ti ọ̀sẹ̀ kejì ò dé. Owó oṣù Ọ̀gá náà ò dé.
Koríko hù láàrin irin.
Ó fi fèrè sápò, ó wọ bọ́ọ̀sì Èjìgbò,
ó ní ká máa gbá a lọ títí òun ó fi dé.
A gbá a ní Sátidé mẹ́rin.
Ní ìkarùn-ún, a ò ju márùn-ún lọ.
Lẹ́yìn náà ó ku èmi àti Múdà,
òun ń nà án, èmi ń mú un,
ilẹ̀ ṣú bá wa, nítorí kò sí fèrè tí yóò ní ó tó.

Lánàá, mo bẹ ìyá Móríyebá pé kó fún mi ní igi náà,
ìlàjì orúkọ mi ṣì wà lára rẹ̀.
Ó ní, kí wá ni adìyẹ òun yóò fi tilẹ̀kùn?
Mo rò ó títí.
Mo fi í sílẹ̀.
Ó ṣì ń ṣọ́lé.