Ẹ Dá Èjí Mi Padà

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, akọ̀wé bi í:
"Bàbá, kí lorúkọ yín?"
Ó ní, "Áhúyì."
Akọ̀wé kọ Awúyì sórí káàdì.
Bàbá mi orí, ó tún un pè.
Afẹ́fẹ́ lásán gba iwájú ẹnu rẹ̀ jáde
bí ewúrẹ́ ṣe ń gba ojú ọgbà tó wó.
Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló bá a dáhùn:
"Fásúyì ni, ẹ jọ̀ọ́. Fá. Sú. Yì."
Akọ̀wé ti pe ẹlòmíràn.

Bí káàdì náà ṣe dé ọwọ́ mi nìyẹn,
ní yàrá ẹ̀yìn ilé ìwòsàn wa ní Iléṣà,
níbi tí mo ti ń fi ìda àti iná kékeré wá oúnjẹ òòjọ́.
Ẹ má pè mí ní dókítà.
Dókítà ló ń yọ eyín. Èmi ni mo ń fi òmíràn rọ́pò.

Mo po lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ osùn mọ́ omi tútù,
mo kó o sínú àwo irin, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ àjà ẹnu rẹ̀.
"Ẹ máa fi imú mí. Ẹ má gbé e mì."
Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó di apá àga mú
bí ẹni tí ọ̀kadà ń gbé lọ sí Ìbòdì lásìkò òjò.
Mo fà á yọ. Ó dún pọ̀ọ̀!
Gbogbo ìtàn ẹnu rẹ̀ hàn níbẹ̀,
títí kan ibi tó ti fi eyín ṣí ìgò ọtí nígbà èwe.

Igi obì rẹ̀ ju ogójì lọ lọ́nà Ìpetu,
síbẹ̀, ọdún mẹ́fà ló ti ń rin obì
lórí agolo mílíkì tí wọ́n fi ìṣó dá lu,
bí ẹni ń rin ilá.
Ahọ́n rẹ̀ ti ya ọ̀lẹ: kò rí ẹni bá jà.

Mo to eyín òkè mẹ́rìnlá sórí ìda,
gún régé, ọ̀kan fara ti ìkejì,
bí ọmọ ilé-ìwé lórí ìlà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.
Inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo gbé dígí fún un.
Ó wò ó. Ó tún un wò. Ó gbé dígí kalẹ̀.
"Ta nìyí?"

Ó mú fọ́tò kan jáde láti inú ọ̀rá:
òun àti Ìbídùn ìyàwó rẹ̀, lọ́dún tí wọ́n ra kẹ̀kẹ́ Ràlé.
Ó ń rẹ́rìn-ín. Láàárín ẹ̀rín náà, èjí,
tẹ́ẹ́rẹ́, dúdú, bí ilẹ̀kùn tí ẹnìkan gbàgbé láti tì.
"Èjí yìí ló kọ́kọ́ rí. Kò tilẹ̀ wo ojú mi.
Bí mo bá bá a lọ́hùn-ún pẹ̀lú odi tí ẹ mọ yìí,
á ní kí àlejò máa kọjá lọ."

Àlàfo ni wọ́n kọ́ mi láti dí.
Kò sẹ́ni tó kọ́ mi bí a ti ń ṣe é.
Mo fi ọ̀bẹ gbígbóná sún ìda, ìbú èékánná. Kò tó.
Mo tún un sún.
Iná mànàmáná lọ.
Mo fi eyín tèmi di tọ́ọ̀ṣì mú, mo ń bá iṣẹ́ lọ.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo ní kó bu bébà aláró jẹ.
Ibi tí aró bá ti pọ̀jù ni mo ń há.
Ahọ́n rẹ̀ ń táràrà bí ẹni tó wọ ilé tuntun lóru.
"Ẹ sọ nǹkan, Bàbá."
Kò dá mi lóhùn. Ó dìde, ó lọ sójú fèrèsé akọ̀wé.
"Fásúyì!"
Fá tu itọ́ sára gíláàsì, sú sì súfèé díẹ̀ láti inú èjí.
"Ẹ tún un kọ."
Akọ̀wé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni káàdì tuntun.
Ó san án, ó ń rẹ́rìn-ín.
Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń sanwó!
Èmi ò rí i rí.

Mo ní, "Ẹ máa bọ́ ọ sínú ife omi lálẹ́."
Ó ní, "Lálẹ́ kẹ̀?
Ojú àlá mà ni Ìbídùn ń gbà wá."
Èmi ò mọ èsì tí ìwé wa fi sí ìyẹn.
Mo ṣáà wé ife náà fún un.