Ọ̀pá Jíà

Igi gańgańran, òkèèrè la ti ń wò ó,
ṣùgbọ́n èyí, inú ilẹ̀ mọ́tò ló ti hù,
Fọ́ọ̀dù àtijọ́ tí Emil tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe
kó lè máa sáré pa ẹyẹ ní Nẹbráskà.
Jíà kejì: ìka Emil á gbá dáṣíbọọ̀dù.
Jíà kẹta: orúnkún Darlene.
Darlene kò jà. Ó kàn sún lọ sí ìdí fèrèsé,
ó jókòó bí àlejò.

Lálẹ́ Sátidé, òjò dídì ń bọ́ lórí páànù,
Emil wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Ínṣì mẹ́rin.
Èyí tó gùn ṣeé gé;
èyí tó kúrú, ta ni yóò fà á gùn?
Ayùn ké títí. Irin já,
ó dún lórí sìmẹ́ǹtì bí ṣíbí tó bọ́ ní kíṣìnnì.
Ó fi fáìlì ha ẹnu rẹ̀, ó fín tẹ́rẹ́ẹ̀dì sí i,
ó yí orí dúdú náà padà mọ́ ọn.

Jíà kejì: ìka mórí bọ́!
Jíà kẹta le bíi màlúù tó fẹsẹ̀ tilẹ̀;
ọ̀pá kúkúrú, agbára ló ń béèrè.
Emil fà á, ó kérora.
Darlene sún wá, ó gbé ọwọ́ lé tirẹ̀.
Ó wọlé.
"O ti gé e jù," ni Darlene wí.
Kò sún padà.