Pílánù Àtijọ́

Ìkòkò ọbẹ̀ balẹ̀ lórí tábìlì: gbà!
Kí ariwo rẹ̀ tó rọlẹ̀, mo ti mọ ẹjọ́ náà:
owó tí mo fi ránṣẹ́ sí Kàsálì ló ń bí Sìdíkátù nínú.
Èmi ni olùpẹ̀jọ́, èmi ni adájọ́,
èmi náà ni mo lọ dúró síbi tí ẹlẹ́rìí ń dúró.

Ẹ̀rí ò wọ́n mi.
Ó bu oúnjẹ, kò wojú mi: mo kọ ọ́ sílẹ̀.
Mo béèrè iṣẹ́, ó ní "Hùn": mo kọ ọ́ sílẹ̀.
Ó fi ẹran tó tóbi jù sínú àwo mi.
Ìyẹn ò bá ẹjọ́ mu.
N ò kọ ọ́.

Iṣẹ́ ilẹ̀-wíwọ̀n ni mò ń ṣe ní Òṣogbo.
Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé pílánù àtijọ́ kan
dé orí ilẹ̀ kan ní Òkè-Baálẹ̀.
Odò kékeré kan wà nínú pílánù náà, wọ́n fi búlúù yà á.
Mo ní kí ọmọ tó ń gbé okùn tẹ̀lé mi ká ṣòkòtò rẹ̀.
Ó wò mí. Ó wo ilẹ̀.
"Ọ̀gá, ilé-kéwú la dúró sí yìí."
Àwọn ọmọdé ń pe alífù lórí odò mi.
Síbẹ̀, mo tún yẹ pílánù wò,
bóyá ilẹ̀ ló ṣìnà.

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gbé pílánù obìnrin yìí kiri.
Yàrá kan ṣoṣo la wà ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun nígbà tí mo yà á,
tí a ń fi agolo mílíìkì wọn ìrẹsì,
tí ọ̀rọ̀ owó ń bí i nínú, tó ń bí èmi náà.
N ò tíì tún un wọ̀n láti ìgbà náà.

Àwọn àgbà ní ìfura loògùn.
Èmi ni mo gbé gbogbo ìgò mì.
Wọ́n tún ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.
Èmi ò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnìkan ọ̀hún;
tèmi ni mo gbọ́.

Mo gbé ṣíbí sílẹ̀.
Kí lo rí? Kí lo fi kún un?
Mo rí ìkòkò. Mo gbọ́ gbà.
Ìyókù, èmi ni mo sè é.

"Sìdí, ìkòkò yẹn dún.
Mo ti ń rò ó síbi tí kò dáa. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó na ọwọ́ ọ̀tún. Ìka mẹ́ta ti kú láti àárọ̀,
níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ, ní Alékúwodò.
"Ó bọ́ lọ́wọ́ mi ni. Mo rò pé o máa bú mi."
Àṣé òun náà ní pílánù:
nínú rẹ̀, ọkùnrin kan jókòó, ó ń ka ìkòkò tó fọ́.

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè.
"Ti owó Kàsálì, inú ń bí mi o.
Kì í ṣe pé o fún un.
O ò sọ fún mi kí n fi tèmi kún un.
Àbí kì í ṣe àbúrò mi ni?"

Mo dé ilé náà lóòótọ́;
ilẹ̀kùn ẹlòmíì ni mo ń kàn.

Mo gbé omi kaná, mo ń fi aṣọ jó ọwọ́ rẹ̀.
Mo ní bí mo bá tún máa yà ọ́, Sìdí,
bírò kọ́, pẹ́nsùlù ni,
kílínà á sì wà lápò mi.
Ó ní kí n dákẹ́ ná,
omi náà ti gbóná jù.