Ẹmu Kì í Wọkọ̀

Ọkọ̀ búrẹ́dì ni tẹ́lẹ̀, kó tó di ilé wa.
Bí oòrùn bá mú òrùlé rẹ̀, òórùn ìyẹ̀fun ṣì ń jáde.
Ṣótúndé ọkọ mi fẹ̀yìn tì ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Ìpẹru,
ó rà á, ó tẹ́ fóòmù sẹ́yìn rẹ̀,
ó so sítóófù mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó ní:
"Ẹfúnbọ̀wálé, dìde.
Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi lẹ sítáǹbù
mọ́ ìrìn àjò ẹlòmíràn."

A kò lọ Èkó. A kò lọ òkè òkun.
Ẹmu là ń tọ̀ lẹ́yìn, láti Rẹ́mọ dé etí omi.

Ti Òde Rẹ́mọ fẹ́lẹ́,
ó ń sáré kọjá lórí ahọ́n bí ẹni tí gbèsè ń lé.
Ti Ìṣarà nípọn díẹ̀, èéfín igi wà nínú rẹ̀.
Ibẹ̀ la sùn, níwájú ilé ìwé kan;
àwọn ọmọ jí wa láàárọ̀, wọ́n fi ojú lẹ gíláàsì,
wọ́n ń ka eyín Ṣótúndé tó ń hanrun.
Ní Àgọ́-Ìwòyè, oyin mẹ́ta ti kú sínú ahá mi.
Mo fi èékánná yọ wọ́n, mo mu ún.
Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé:
ọjọ́, wákàtí, orúkọ adẹ́mu, iye owó,
bí ẹni pé ọ̀gá kan ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ọ̀nà gbàgbé pé ọ̀nà ni òun.
Ọkọ̀ rì dé ìdajì táyà. Ó dákẹ́.
A fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń yan gààrí,
a ki ẹsẹ̀ bọ ẹrẹ̀, bàtà lọ́wọ́.
Etí mi ló kọ́kọ́ débẹ̀:
ọ̀bẹ adẹ́mu, kọ́, kọ́, kọ́, nínú igbó ògùrọ̀,
omi dúdú nílẹ̀,
lókè, ewé tó gùn ju ọkọ̀ wa lọ.

Ọ̀kúnùgà ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà.
Kò bi wá léèrè ọmọ ẹni tí a jẹ́.
"Aago mélòó lẹ jí?"
"Mẹ́fà."
Ó wo oòrùn, ó rẹ́rìn-ín.
"Ẹ pẹ́. Èyí tó dùn ti lọ.
Eléyìí ti dàgbà. Ẹ mu ún bẹ́ẹ̀."

A mu ún. Ó kan, ó ń ta sí imú.
Mo rántí ìyá mi,
gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ irú ẹmu yìí ló fi ń wú ìyẹ̀fun rẹ̀
lọ́jọ́ tí owó yíìsì kò bá sí.
N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.
Ṣótúndé ṣí ìwé, ó fi bíró sẹ́nu.
Kò rí nǹkan kan kọ.

Mo ní ká rà á lọ sílé.
Ọ̀kúnùgà mi orí: "Ẹmu kì í wọkọ̀, ìyá.
Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ló ń fẹsẹ̀ wá a wá."
Ìjẹ̀bú ni mí. Mo ti náà á tán, mo ti sanwó.
Mo gbé kèǹgbè lérí, mo fi ewé dí i lẹ́nu pinpin.

Ní Òdogbolú, lóru, kèǹgbè sọ̀rọ̀:
gbàmù!
Ìdérí lu òrùlé, ìfófó gba inú ọkọ̀ kan,
fóòmù mu ju àwa méjèèjì lọ.
Ṣótúndé rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.
Ibo la fẹ́ gbà? A sùn sínú rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta rèé. Mo ti fọ aṣọ ibùsùn lẹ́ẹ̀mẹ́rin.
Ọkọ̀ wà níwájú ilé wa, oòrùn ọ̀sán wà lórí rẹ̀,
ìyẹ̀fun àti ẹmu ń jùmọ̀ rùn jáde.
Lánàá, ọmọdébìnrin kan kan ilẹ̀kùn,
ó na igba náírà sí mi,
ó ní kí n já búrẹ́dì gbígbóná fún òun.