Ẹ Bá Wa Fa Bàbá Yọ

Láti Kánádà ni Kọ́lápọ̀ ti fi fọ́tò náà ránṣẹ́,
ọ̀kan ṣoṣo tí bàbá rẹ̀ yà láàárín ọdún méjìlá.
"Ẹ bá wa fa Bàbá yọ nínú igbó yẹn.
Ẹ fi sánmà aláwọ̀ aró sẹ́yìn wọn,
bí òdòdó bá wà, kò burú.
Ọjọ́ Ẹtì la ó sin wọ́n, ẹ tètè."

Mo tan jẹnẹrétọ̀. Mo jókòó.
Bàbá Fágbuyì dúró sáàárín ebè,
aṣọ oko rẹ̀ ti gba àwọ̀ ilẹ̀ pupa Ìkẹ́rẹ́
débi pé n kò mọ ibi tí ṣòkòtò parí sí
tí erùpẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.
Fìlà rẹ̀ àti ewé iṣu, àwọ̀ kan náà ni.
Kódà ojú rẹ̀, òjìji igi kòkó ti pín in sí méjì:
ìdajì fún un, ìdajì fún igbó.

Mo ní kí ẹ̀rọ yan ènìyàn,
ó yan ènìyàn pẹ̀lú ebè mẹ́ta.
Mo tún un yàn, ó gé etí òsì dànù,
ó fi ewé kan dípò rẹ̀.
Ẹ̀rọ kì í ṣe òpùrọ́. Ohun tó rí ló sọ.

Mo wá fi ọwọ́ ara mi gé e,
díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń yọ egungun ẹja
fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹun,
mo ń tọ etí àdá, mo ń tọ etí ìka,
títí di aago mẹ́ta òru.
Bàbá yọ. Mo fi sánmà sẹ́yìn rẹ̀.
Mo fi òdòdó sí i, nítorí Kánádà ní kò burú.

Ìyàwó rẹ̀ dé láàárọ̀, Ìyá Ọ̀ṣúntọ́lá,
ó tẹ ojú mọ́ gíláàsì kọ̀ǹpútà,
ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
"Ta rèé?"
Mo ní Bàbá ni.
"Uṣu rẹ̀ dà?"
Mo ní àwọn ọmọ ní kí n yọ ọ́.
"Kí ló wá ń fi àdá ṣe láàárín òdòdó?
Ṣé wọ́n gbà á síṣẹ́ nílé òyìnbó ni?"
Ó rẹ́rìn-ín, ó bú sẹ́kún, ó tún rẹ́rìn-ín,
ó ní òun fẹ́ lọ sanwó àga.

Mo jáde síta láti bọ́jú.
Ìkùukùu ti bo gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn Olósùnta.
Òrùlé kò sí, òpó iná kò sí, òkè kejì ti di bàìbàì,
àpáta nìkan ló dúró níwájú, dúdú, tutù,
mo lè ka ipa omi tó ṣàn lára rẹ̀.
Kò sẹ́ni tó gé e. Kò sẹ́ni tó tan iná sí i.
Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló kàn rẹ ohùn sílẹ̀
kí àgbà lè sọ̀rọ̀.

Mo padà wọlé, mo pa sánmà rẹ́.
Mo dá ebè padà, mo dá kòkó padà,
mo tú ìkùukùu díẹ̀ sórí igbó,
mo bẹ ewé pé kó má tàn tó bẹ́ẹ̀.
Ojú Bàbá ni mo fún ní ìmọ́lẹ̀,
ìwọ̀nba tí ààrò ń fún ẹni tó tẹ̀ wo ìkòkò,
àti àdá, torí ó dùn mí láti fi í sílẹ̀ sínú òkùnkùn.
Mo jẹ́ kí etí fìlà mú.
Ẹsẹ̀ rẹ̀, n kò fọwọ́ kàn án.
Ibi tó ti wọ ilẹ̀, ibẹ̀ ni mo jẹ́ kó wà;
ṣebí ilẹ̀ kan náà ló ń dúró dè é lọ́jọ́ Ẹtì.

Kọ́lápọ̀ pè lọ́sàn-án. "Igbó ṣì wà ńbẹ̀."
Mo ní, ó wà ńbẹ̀.
Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ afẹ́fẹ́ òtútù lára fèrèsé rẹ̀ lọ́hùn-ún.
"Àmọ́ kí lẹ ṣe sí ojú wọn?
Àwọn ni mo kọ́kọ́ rí."