Mo Lóṣòó ní Káńsù

Orúkọ Olóyè Fámúrewá wà lára táǹkì omi Ìrójò,
lẹ́tà rẹ̀ tóbi ju ẹnu ẹ̀rọ lọ.
Ọdún mẹ́rin la fi pọn, tí à ń dúpẹ́.
Lọ́jọ́ tá ò dìbò fọ́mọ rẹ̀,
àgádágodo dé.
Ta ní fẹ́ bá a wí? Ọrẹ ni, kì í ṣe gbèsè.

Bàbá-bàbá mi sá fún owó orí,
ó sùn sábẹ́ kòkó lọ́nà Ìpetu,
etí rẹ̀ ń ṣọ́ bàtà akódà.
N ò bú u.
Afárá tí wọ́n torí ẹ̀ de àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lókùn,
ìtì ọ̀pẹ méjì náà ni títí dòní.

Ṣùgbọ́n òṣómàáló ló bí mi.
Ẹni tó jẹ wá lówó, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ la ti í lóṣòó.
Mo mú risíìtì owó orí mi dé káńsù láàárọ̀,
mo ká ìró sókè, mo lóṣòó.
Akọ̀wé ní, "Màmá, ẹ̀bẹ̀ kí lẹ wá bẹ̀?"
"Ẹ̀bẹ̀ kọ́. Omi ni. Mo ti sanwó."

Oòrùn ti kan àtàrí.
Orúnkún ń ro mí.
N ò tíì dìde.