Orí Bàtà Ni

Lẹ́yìn ilé-ìwé wa ní Màsífà,
níbi tí ilẹ̀ pupa ti le bí ẹ̀yìn ahun,
kò sí òpó, kò sí àwọ̀n, kò sí adájọ́.
Bàtà méjì la fi ń ṣe ojú ilé:
ọ̀kan tèmi, ọ̀kan ti Sùwébátù.
Bọ́ọ̀lù wa ti jò rí,
a fi ọ̀bẹ gbígbóná lẹ̀ ẹ́;
láti ìgbà náà ló ti ń tiro bó bá ń yí.

Sùwébátù ló ń ṣọ́lé.
Ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe ọwọ́, pàkúté ni.
Àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀-Àfọ́n tó kọ́kọ́ fi í rẹ́rìn-ín
ni wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀kan sí ọ̀kan la wà.
Oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn igi kajú,
ìyá Délékè ń pe Délékè nígbà kẹta,
ohùn rẹ̀ ti ń di pàṣán.
Mo gbá a.
Gbogbo ara ni mo fi gbá a.
Bọ́ọ̀lù tiro, ó tiro, ó fò,
ó gba orí bàtà búlúù kọjá,
bàtà tàkìtì, ó dojú dé.

"Góòlù!" Èmi ni mo kọ́kọ́ pariwo.
"Orí bàtà ni," ni Sùwébátù wí,
jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri.
"Góòlù ni!"
"Oyèníran, ìwọ náà rí i."

Mo rí i.
Mo rí i bí mo ṣe ń rí àtẹ́lẹwọ́ mi.
Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé mi sórí èjìká,
ibẹ̀ ga,
atẹ́gùn ibẹ̀ tutù,
ta ló fẹ́ sọ̀ kalẹ̀?

Kò jà. Ìbá jà, ìbá sàn.
Ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀, ó lọ,
ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Èmi ni mo mú bàtà búlúù délé.
Mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ní n ó dá a padà lọ́la.
Ọ̀la dé, ó bá ọ̀la mìíràn lọ.
Nídìí ẹ̀rọ omi, mo rí i tó gbé korobá:
búlúù lẹ́sẹ̀ ọ̀tún,
bàtà ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀ òsì, ó gùn bí ọkọ̀ ojú omi.
Ó ń rìn: pẹ́, pàá, pẹ́, pàá.
Lórí ibùsùn mi lóru, mo ṣì ń gbọ́ ọ.

A ò dá bọ́ọ̀lù dúró. Délékè ń ṣọ́lé.
Ilé tí Délékè ń ṣọ́, ewúrẹ́ lè kó ọmọ rẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá.
A gbá góòlù wọlé títí ó fi sú wa.

Lóru ọjọ́ kẹjọ ni òjò àkọ́rọ̀ dé.
Ìjì ń mi igi máńgòrò
bí ẹni ń mi olè pé kó pọ ohun tó jẹ.
Lórí páànù: gbàù! Gbà-gbàù!
Ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí irú òjò yẹn bá dá,
ọmọ wo ló ń dúró de àmín àdúrà òwúrọ̀?
Mo gbé korobá, mo sáré,
mo ti dé ojú títì kí n tó padà wọlé
lọ mú bàtà.

Ó ti wà lábẹ́ igi ńlá ẹ̀yìn ilé Díákónì Gbádéró,
ó ká etí aṣọ, ó fi ṣe agbọ̀n.
Kò wò mí.
Mo na bàtà sí i.
"Orí bàtà ni," ni mo wí.
Omi ń kán látara ewé.
Ó mú máńgòrò kan, ó jẹ ẹ́ dé ìdajì,
ó gbé ìdajì tó kù fún mi.
"Mo mọ̀," ló ní. "Lónìí, ìwọ lo máa ṣọ́lé."

Mọ́kànlá ló wọlé lọ́wọ́ mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.
Sùwébátù nìkan gbá mẹ́sàn-án.
Èyí tí ì bá jẹ́ ìkejìlá gba orí bàtà kọjá;
kí n tó lanu,
òun fúnra rẹ̀ ti pariwo: "Orí bàtà ni!"

Ilẹ̀ ṣú. Mo ń gbọ́ ọ tó ń lọ sílé:
pẹ́, pẹ́,
pẹ́, pẹ́.